Aristotle lórí ìwà rere àti ayé aláyọ̀

Aristotle jẹ́ onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Gíríìsì àtijọ́, Stagira lápá àríwá ni wọ́n ti bí i lọ́dún 384 ṣáájú ìbí Kristi, dókítà ọba Masidóníà sì ni bàbá ẹ̀. Ó kàwé lọ́dọ̀ Plato, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì bíi tiẹ̀, ní Áténì fún bí 20 ọdún, ó tún ṣe tíṣà ọmọ ọba Masidóníà, Alexander, tó wá di Alexander Ńlá, nígbà tí yẹn ṣì kéré, kó tó wá dá sukúù tiẹ̀, Lyceum, sílẹ̀ ní Áténì lọ́dún 335. Nicomachean Ethics ni ìwé tó ti sọ̀rọ̀ jù lórí béèyàn ṣe lè gbé ayé tó dáa.

Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ni pé gbogbo èèyàn ló gbà pé ayọ̀ làwọn ń wá, àmọ́ ẹnu wọn ò kò lórí ohun tó jẹ́, àwọn kan ní owó ni, àwọn kan ní fàájì, kódà ẹnì kan náà, tára ẹ̀ ò bá yá, á ní ìlera ni, tó bá tòṣì tán, á ní owó ni. Lójú Aristotle, nǹkan téèyàn ń ṣe ni ayọ̀, ìyẹn ni kéèyàn máa fi làákàyè àti ìwà rere ṣe ohun tó ń ṣe jálẹ̀ ọjọ́ ayé ẹ̀. Ó ní níbi ìdíje Òlíńpíìkì, kì í ṣe ẹni tó rẹwà jù tàbí tó lágbára jù ni wọ́n ń dé ládé, àárín àwọn tó jáde wá díje ni wọ́n ti ń mú un. Torí náà, ẹni tó níwà rere àmọ́ tó sùn kalẹ̀ láìlò ó ò tíì láyọ̀.

Ṣíṣe é léraléra lèèyàn fi ń níwà ọ̀hún, bí ẹni tó ń kọ́lé ṣe ń di kọ́lékọ́lé, ìdí nìyẹn tí bí wọ́n ṣe tọ́ ọmọ láti kékeré fi ṣe pàtàkì gan-an lójú ẹ̀. Ìwà rere sì máa ń wà láàárín àṣejù àti àìtó: ẹni tó lawọ́ kì í ṣe ahun, kì í sì í ṣe àpà. Àmọ́ àárín yìí ò rí bákan náà fún gbogbo èèyàn, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í gbọ́. Milo, gbajúmọ̀ oníjàkadì, ló fi ṣàpẹẹrẹ: tí oúnjẹ òṣùwọ̀n 10 bá pọ̀ jù, tí 2 sì kéré jù, kóòṣì ò ní torí ìyẹn bu 6 fún gbogbo wọn, torí 6 máa kéré fún Milo, á sì pọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí àríyànjiyàn pọ̀ sí ni bóyá ìwà rere nìkan tó. Aristotle ní kò tó, èèyàn nílò ọ̀rẹ́, owó díẹ̀ àti oríire, ó sì mẹ́nu ba Priam, ọba Tírọ́ì tí ayé ẹ̀ dáa kí ogun tó run ìdílé ẹ̀ lọ́jọ́ ogbó, ó ní kò sẹ́ni tó máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní aláyọ̀. Zeno ará Citium, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì míì, àtàwọn tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń pè ní Stoic, ò gbà, wọ́n ní ìwà rere ti tó, àìsàn àti òṣì ò lè gba ayọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́gbọ́n. Epicurus, tóun náà jẹ́ onímọ̀ fìlọ́sọ́fì, ní tiẹ̀ ní ìgbádùn lèèyàn ń wá, àmọ́ ohun tó ń pè ní ìgbádùn ò ju kára má roni, kọ́kàn sì balẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè ní in láìníwà rere.

Àbùkù ńlá kan wà nínú ẹ̀kọ́ Aristotle tí ò yẹ ká bò mọ́lẹ̀: ó ní àwọn kan wà tí wọ́n bí láti ṣẹrú, kò sì ka ẹrú mọ́ àwọn tó lè ní ayọ̀ yìí. Ọgbà tí Epicurus ti ń kọ́ni gba obìnrin àti ẹrú wọlé, nígbà tó sì yá, Epictetus, tó ti ṣẹrú rí ní Róòmù, di ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ Stoic tó lókìkí jù.