Bí ìkànìyàn ṣe dé Kétu

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti bí mi, kí ọmọdé tó mọ ọ̀nà ọjà ló ti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí àlejò bá bi ìyá mi pé ọmọ mélòó ló bí, á ní, "Ọlọ́run ló mọ iye wọn," á sì bu omi fún àlejò kí ọ̀rọ̀ náà lè rọlẹ̀. Kì í ṣe pé ìyá mi kò mọ ìṣirò. Gàrí ló ń tà, kò sì sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ nínú ṣéńjì. Àwọn baba ńlá wa náà ń ka owó ẹyọ ní ogójì, ní igba, títí dé ọ̀kẹ́, tí í ṣe 20,000 nínú àpò kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ka ọ̀kẹ́, ọmọ mẹ́fà kò lè ṣòro fún un láti kà. Ẹ̀rù ló wà níbẹ̀: ohun tí a bá kà níṣojú ayé, a ti fi han ẹni tó fẹ́ mú nínú rẹ̀.

Ní 2013, nígbà tí mo ṣiṣẹ́ akànìyàn ní agbègbè wa, ẹ̀rù yìí ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà púpọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìdí rẹ̀, mo sì ti rí i pé àwọn àgbà wa kò ṣìnà. Ibi tí ìkànìyàn ti ṣẹ̀ wá ló dẹ́rù bani.

Iye kan wà ṣá tí Kétu kò fi pamọ́ rí. Ìtàn ìlú sọ pé nígbà tí ọba kan tó ń jẹ́ Ẹdẹ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Àró wá tẹ ìlú dó, ìdílé ọgọ́fà ló bá a wá. Ẹ kíyè sí i pé ìdílé ni wọ́n kà, wọn kò ka orí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa iye ọmọ tí àwọn ìyá pọ̀n sẹ́yìn lọ́nà, tàbí iye ọ̀dọ́mọkùnrin tó lè tẹ ọfà. Bákan náà ni ti àwọn ilé ọba márùn-ún tí oyè Aláketu ń yí ká láàárín wọn: gbogbo ìlú mọ̀ pé márùn-ún ni, àmọ́ iye tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ilé ni.

Àwọn aládùúgbò wa ní Abomey, olú ìlú àwọn ọba Dàhómì, gbé tiwọn gba ibòmíràn. Ní 1931, onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, Melville Herskovits, lọ bá àwọn àgbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì ròyìn bí àwọn ọba Dàhómì ṣe ń ka ènìyàn láyé àtijọ́. Olórí abúlé a ròyìn ẹni tí wọ́n bí àti ẹni tó kú. Láàfin, wọn a fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe àmì fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ̀. Ti ọba ni. Ohun tí ọba ń fi í ṣe kò sì ju méjì lọ: kó mọ ohun tí abúlé kọ̀ọ̀kan yẹ kó san, kó sì mọ iye tí abúlé náà lè kó jáde bí ogun bá dé.

Ọmọ Kétu kò lè gbọ́ ìròyìn yìí kó má rántí 1886, ọdún tí ogun Dàhómì wọ ìlú, tí wọ́n dáná sun ún, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Abomey. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhómì, ni àwọn tó ṣẹ́kù tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, tí wọ́n tún ìlú kọ́. Nítorí náà, bí ìyá àgbà kan bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó gbé ìwé lọ́wọ́, ẹ má pè é ní aláìmọ̀wé lásán. Ó ní ohun tó rántí.

Kì í ṣe Dàhómì nìkan. Ọ̀rọ̀ tí Faransé ń pe ìkànìyàn, recensement, ará Róòmù àtijọ́ ló ni gbòǹgbò rẹ̀. Ní Róòmù, ọdún márùn-ún márùn-ún ni olúkúlùkù ọmọ ìlú ní láti wá sọ orúkọ rẹ̀, ìdílé rẹ̀ àti ohun ìní rẹ̀ níwájú àwọn ìjòyè, kí wọ́n lè mọ owó orí tó máa san àti ipò tó máa wà lójú ogun. Ṣáínà náà kà ní ọdún 2 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, iye tí wọ́n rí sì lé ní mílíọ̀nù 57. Nínú Bíbélì, Mósè ka ọkùnrin tó ti pé ogún ọdún sókè, àwọn tó lè jáde lọ sógun, wọ́n sì jẹ́ 603,550. Obìnrin kò sí níbẹ̀, ọmọdé kò sí níbẹ̀. Dáfídì kà, àjàkálẹ̀ àrùn sì tẹ̀lé e. Ìtàn Dáfídì yìí ni bàbá kan, ọmọ ìjọ, kà sí mi létí kó tó fún mi ní àga.

Ìyípadà bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní bíi ọdún 270 sẹ́yìn. Swídìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkójọ iye gbogbo ará ìlú rẹ̀ ní 1749. Ní 1790, Amẹ́ríkà kà, wọ́n sì rí 3,929,214. Òfin orílẹ̀-èdè wọn ló pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa kà ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, kí wọ́n lè pín ìjókòó ilé aṣòfin láàárín àwọn ìpínlẹ̀. Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe kí olúkúlùkù lè rí ìpín gbà nìyẹn, ohun tuntun sì ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń pín ìjókòó náà, ènìyàn márùn-ún tó wà lóko ẹrú, mẹ́ta péré ni òfin kan náà kà wọ́n sí. Èmi tí mo ti ìlú tí wọ́n ti kó ènìyàn sọdá òkun wá, mi ò lè sọ ti 1790 kí n fo ìyẹn.

Ohun tí Faransé gbé wá bá wa kò jọ ìpín rárá. Owó orí ni. Ní 1899 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Dàhómì tí wọ́n ń ṣàkóso, tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa: owó lórí orí. Láti gbà á, wọ́n ní láti mọ iye orí, wọ́n sì ní kí olórí abúlé kọ ọ́ sílẹ̀. Orí tí a bá fi pamọ́, owó tí a kò san ni. Ogun àgbáyé ti 1914 dé, ìwé kan náà ni wọ́n tún fi ń wá ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n máa mú ṣe sójà. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa kó ẹrù lóru, wọ́n sọdá sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìhà Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá, ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan tí ààlà ti yà kúrò lára wọn. Àwọn kan kò padà mọ́. Iye tó wà nínú ìwé olórí abúlé nígbà náà, iye àwọn tí kò lè sá ni.

Lẹ́yìn òmìnira, ní 1961, ìjọba ṣe ìwádìí lórí iye ènìyàn, àmọ́ àwọn ibi tí wọ́n yàn nìkan ni wọ́n dé. Ìkànìyàn àkọ́kọ́ tó kárí gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wáyé ní oṣù Ẹrẹ́nà 1979, lásìkò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń ran ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà lọ́wọ́ láti kà fún ìgbà àkọ́kọ́. A jẹ́ 3,331,210. Ní 1992, 4,915,555. Ní 2002, 6,769,914. Ní 2013, 10,008,749. Láàárín ọdún 34, ẹni kan ti di mẹ́ta.

RGPH ni wọ́n ń pè é nílé ìjọba, kíka gbogbo ènìyàn àti ibùgbé wọn. Ó yàtọ̀ sí ìwé owó orí láti ìdí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà fúnra rẹ̀, àtọmọ àtàgbà, ọmọ onílẹ̀ àti àlejò, Fúlàní tó ń da màlúù kọjá pẹ̀lú. Gbogbo ilẹ̀ ni wọ́n ń dé láàárín ọjọ́ díẹ̀ kan náà, kí wọ́n má baà ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n sì ń tún un ṣe lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́wàá, nítorí iye àná kò lè sọ ibi tó yẹ kí ilé ìwé tuntun wà lónìí. Kọmúùnù Kétu, ìyẹn agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ wa, tó ní 100,499 ènìyàn ní 2002, ti ní 157,352 ní 2013. Ilé ìwé, ilé ìgbẹ̀bí, ìdọ̀tí tí a ó kó, kànga tí a ó gbẹ́, kí ni a fẹ́ fi wọ̀n wọ́n bí kì í bá ṣe pẹ̀lú iye yìí? Owó tí ìjọba ń pín fún àwọn kọmúùnù náà, iye ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín in. Orí tí a fi pamọ́ láyé Faransé gba ẹni tó ni ín là. Orí tí a fi pamọ́ báyìí, kò sí nídìí àwo nígbà tí wọ́n bá ń bu oúnjẹ.

Ibi tó le jù fún wa lóko ni agboolé. Ìwé kò mọ agboolé, ménage ló mọ̀: àwọn tó ń gbé pọ̀, tí wọ́n ń jẹun pọ̀, tí wọ́n gba ẹnì kan ní olórí. Nínú agboolé kan ní Kétu, ìkòkò mẹ́rin lè wà lórí iná, bàbá àgbà á sì sọ pé ilé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ìkòkò ni mo ní láti tẹ̀lé. Mo kọ́ láti máa béèrè pé, "Bàbá, ta ló ń se fún ta?" Ìgbà tí mo bá béèrè bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín á dé, ọ̀rọ̀ á sì là. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbéèrè ẹni tó ń gbé níbẹ̀ tó sì wà nílé, ẹni tó ń gbé níbẹ̀ àmọ́ tó lọ nájà ní Ìmẹ̀kọ, àti ẹni tó kàn wá kí wọn.

Àwọn kan tún ń da èyí pọ̀ mọ́ RAVIP tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Bélú 2017, ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n fi fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà ìdánimọ̀. RAVIP mọ ẹ ní orúkọ, ó sì fẹ́ máa mọ̀ ẹ́ lọ. Orúkọ tí akànìyàn kọ sílẹ̀ wà fún kí ó má baà gbàgbé ẹnì kan nínú ilé. Ohun tó ń jáde sí gbangba ni àròpọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó ti ìyá kan ní abúlé tí kò jìnnà sí ọ̀nà Ìlárá. Ó ti ka ènìyàn méje fún mi, ó ní ó tán. Mo wá ń gbọ́ ẹkún láti inú yàrá.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sunkún yẹn?"

"Kò tíì dé, ọmọ mi. Ọjọ́ kẹjọ ló máa dé."

Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin ni. Kò tíì lórúkọ, wọn kò tíì kó o jáde. Mo ṣàlàyé fún ìyá pé ìwé tèmi kò dúró de ìkómọjáde, pé bí a bá fo ọmọ yìí, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n máa gbé wá sí abúlé wọn á dín ní ti ẹnì kan. Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Kọ ọ́," ló wí. "Àmọ́ má kà á sókè."

Mo kọ ọ́ láìla ẹnu: obìnrin, ọjọ́ orí 0. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn, ìyá sì sìn mí dé ìdí odò.