Bí Ọjọ́ Ìsinmi Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Ètò Irin Gbígbé

Ẹni tí ó bá gbé irin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ní Kubwa, ẹran àyà àti apá rẹ̀ yóò ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga ni ó jókòó sí ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Wuse. Àtúnṣe ni iṣẹ́ náà: ara ń mú èròjà amáradàgbà láti inú oúnjẹ, ó ń fi í tún ibi tí irin ti ni ín lára ṣe, ó sì ń fi díẹ̀ kún un kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ má baà nira tó ti àkọ́kọ́ mọ́. Láàrin wákàtí 24 sí 48 lẹ́yìn irin gbígbé ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àtúnṣe yìí ń wáyé, orí rẹ̀ sì ni gbogbo ètò ọjọ́ ìsinmi dúró lé. Ẹni tí ó ń mọ ilé alámọ̀ kì í gbé ìpele kejì lé èkínní tí kò tíì gbẹ.

Gbogbo ohun tí irin bá ni lára kọ́ ni ó ń padà bọ̀ sípò lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣúgà tí ẹran ara tò pamọ́ fún agbára lè kún padà láàrin nǹkan bí ọjọ́ kan, bí ènìyàn bá jẹ iyán, ìrẹsì tàbí túwó yó dáadáa. Ẹran fúnra rẹ̀ lè gba ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ tí ó le. Iṣan tí ó so ẹran mọ́ egungun ni ó ń lọ́ra jù, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dé ibẹ̀ kò pọ̀. Ìdí nìyí tí èjìká, ìgúnpá àti orúnkún fi sábà máa ń dun ẹni tí kì í sinmi, nígbà tí dígí ṣì ń sọ fún un pé ara rẹ̀ ń le sí i. Ìrora kò sì ṣeé fi ṣe òṣùwọ̀n. Ó máa ń le jù láàrin wákàtí 24 sí 72, ṣùgbọ́n bí ara bá ti mọ́ iṣẹ́ kan lára, ìrora a dínkù púpọ̀, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe ṣì ń lọ lọ́wọ́. Pé nǹkan kan kò dun ènìyàn kò túmọ̀ sí pé ìsinmi ti tó.

Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí ènìyàn kà nígbà tí ó bá ń ṣètò ni wákàtí tí ó wà láàrin ìgbà méjì tí ẹran kan náà ṣiṣẹ́, kì í ṣe iye ọjọ́ tí ó wọ jíìmù. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè fi gbogbo ara ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ kan ó kéré tán máa wà láàrin. Ẹni tí ó ti pẹ́ díẹ̀ lè pín in sí mẹ́rin: apá òkè ara ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ẹsẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ẹtì. Ètò ọlọ́jọ́ mẹ́fà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fẹ́ máa ń fún ẹran kọ̀ọ̀kan ní àyè, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ni oríkèé àti ọpọlọ ń rí sinmi. Kò bá ẹni tí ó ń sùn fún wákàtí márùn-ún lóru mu. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé jù ni pé ẹran kan ń bá òmíràn ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ lórí àga tí ó ń ti irin sókè fún àyà lónìí ti lo èjìká àti ẹ̀yìn apá pẹ̀lú, nítorí náà bí ó bá pe ọ̀la ní ọjọ́ apá, apá náà kò sinmi rárá.

Ní Abuja, ẹrù ojoojúmọ́ gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò náà. Ẹni tí ń gbé Nyanya tàbí Mararaba, tí ó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí ó sì ń wọlé lálẹ́, ti ná oorun rẹ̀ kí ó tó dé ìdí irin. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú òwúrọ̀ Àbámẹ́ta sàn ju Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì lọ, kí lílóṣòó pẹ̀lú irin lórí èjìká àti gbígbé irin láti ilẹ̀ sì bọ́ sí Àbámẹ́ta, lẹ́yìn alẹ́ tí ó ráyè sùn. (Bí òde ayẹyẹ bá wà ní Àbámẹ́ta yẹn, kí ó kọ́kọ́ gbé irin kí ó tó wọ aṣọ ẹbí.) Nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin, pàápàá ní jíìmù tí iná ọba ti lọ tí fáànù kò yí, kò burú láti yọ ọjọ́ kan kúrò. Ẹni tí ó ń gba ààwẹ̀ Ramadan, tí sààrì sì ń gé oorun rẹ̀, lè fi í mọ sí ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ìṣínu. Ọjọ́ méjì náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí iye tí ó kéré jù fún àgbàlagbà, nítorí náà kò pàdánù púpọ̀.

Ọjọ́ ìsinmi kì í ṣe ọjọ́ àìjẹun. Àwọn kan máa ń dín oúnjẹ kù ní ọjọ́ náà nítorí pé wọn kò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ara nílò ohun tí yóò fi ṣe àtúnṣe. Nǹkan bíi gíráàmù 1.6 èròjà amáradàgbà fún kílò kọ̀ọ̀kan ara lójúmọ́ tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Fún ẹni tí ó wọn kílò 70, èyí jẹ́ 112, tí ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti nónò lè pèsè. Ìrìn pẹ̀lẹ́ ní etí adágún Jabi kò ba ìsinmi jẹ́. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá fún wákàtí méjì bà á jẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, ó dára kí odindi ọ̀sẹ̀ kan fúyẹ́, kí sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìgbà tí ènìyàn ń gbé irin léraléra kí ó tó sinmi díẹ̀, dínkù sí bí ìdajì. Bí iye ìgbà tí ènìyàn lè gbé ìwọ̀n kan náà bá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì tẹ̀léra, ọ̀sẹ̀ náà ti dé nìyẹn, yálà ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé tàbí kò pé. Ìrora líle tí ó bá ìtọ̀ dúdú rìn kúrò ní ọ̀rọ̀ ìsinmi. Ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀. Bí ọjọ́ irin kan bá sì bọ́ nítorí iṣẹ́ tàbí òjò, kí ènìyàn sún un síwájú, kí ìyókù sì tẹ̀lé e, dípò kí ó kó iṣẹ́ ọjọ́ méjì pọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ kan.