Bí A Ṣe Ń Dá Ayédèrú Mọ̀ Láàárín Àwọn Ohun Ìpolówó Coca-Cola Àtijọ́

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí Coca-Cola dé orí àtẹ nílùú Atlanta lọ́dún 1886 ni àwọn tó ni ín bẹ̀rẹ̀ sí í pín kàlẹ́ńdà, tíréè onípáànù, dígí àpò àti pátákó ìpolówó fún àwọn ìsọ̀ tó ń bá wọn tà á. Ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn nígbà náà. Lónìí, owó gọbọi ni àwọn tó ń ṣa ohun àtijọ́ jọ ní Amẹ́ríkà ń san lórí wọn, owó yìí ló sì mú kí ayédèrú pọ̀ lọ́jà débi pé ẹni tó bá fẹ́ rà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú irọ́ tó lè wà nídìí ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀.

Àdàkọ kan wà tí kò burú ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, iléeṣẹ́ Coca-Cola fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tún àwọn tíréè àtijọ́ kan tẹ̀, títí kan èyí tó gbé àwòrán omidan tí àwọn aṣàkójọ ń pè ní Betty, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1914. Wọ́n sábà máa ń tẹ ọ̀rọ̀ kéékèèké sí etí tàbí ẹ̀yìn irú tíréè bẹ́ẹ̀ láti fi hàn pé àdàkọ ni. Ẹ̀tàn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá ha ọ̀rọ̀ náà dànù tàbí tó kun ọ̀dà bò ó, nítorí náà, etí tíréè ló yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ojú omidan náà. Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ le ni pé àwọn àdàkọ wọ̀nyí ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Ìpẹtà tó wà lára wọn lè jẹ́ òótọ́, kí ọjọ́ orí tí wọ́n ń pè wọ́n sì jẹ́ irọ́.

Èyí tó ṣòro jù láti mú ni ohun tí kò ní ojúlówó rárá: ẹnìkan ro ohun tí iléeṣẹ́ náà ì bá ti ṣe láyé àtijọ́, ó sì ṣe é. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni irin ìdè bẹ́líìtì tó gbé orúkọ Coca-Cola àti ti Tiffany, iléeṣẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye ní Amẹ́ríkà, pọ̀, tó gba ọjà kan ní nǹkan bí ọdún 1970. Tiffany kò ṣe irú rẹ̀ rí. Síbẹ̀, wọ́n tẹ ìwé kan jáde tó pìtàn fún irú àwọn irin bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì gbà á gbọ́ nítorí pé inú ìwé ni wọ́n ti kà á. Níbi tí kò bá sí ojúlówó tí a lè fi wé e, ohun tó kù ni láti wò ó bóyá gbogbo ẹ̀yà ara nǹkan náà bá ọdún tí wọ́n pè é mu.

Ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí. Ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 1893 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi orúkọ Coca-Cola sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí àmì òwò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú ìrù lẹ́tà C àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kọ gbólóhùn tó sọ bẹ́ẹ̀ sí. Ní nǹkan bí ọdún 1941, wọ́n gbé e wá sísàlẹ̀ orúkọ náà. Ọdún 1941 yìí kan náà ni iléeṣẹ́ náà, tó ti ń bá orúkọ ìnagijẹ jà tipẹ́, gba "Coke" láyè nínú ìpolówó rẹ̀, tó sì fi í sínú ìwé ìjọba lọ́dún 1945. Bí tíréè tí wọ́n pè ní ti ọdún 1910 bá gbé "Coke," kò sí ohun tí a tún fẹ́ wò mọ́. Àdírẹ́sì tó ní nọ́ńbà ZIP, ìyẹn nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ ti Amẹ́ríkà, kò lè ṣáájú ọdún 1963. Dr Pepper, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò mìíràn ní Amẹ́ríkà, náà ní tirẹ̀: ní àwọn ọdún 1950 ni wọ́n yọ àmì ìdánudúró tó wà lẹ́yìn "Dr" kúrò, nítorí náà, pátákó ọdún 1930 tí kò ní àmì náà ń purọ́.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ̀ ẹ́ ló kàn, dígí tó ń mú nǹkan tóbi sì pọn dandan níbẹ̀. Lára àwọn tíréè àtijọ́, ọ̀dà kan ṣoṣo tó dán, tí etí rẹ̀ mú, ni wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà, àwọn tóótòòtó tó gbé awọ ojú omidan jáde kì í sì í tò lọ́gbọọgba. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú sábà máa ń ya fọ́tò ojúlówó, kó tó fi àwọ̀ mẹ́rin ti òde òní tẹ̀ ẹ́. Nígbà náà, tóótòòtó tó wà lójú ìlà gbọnrangandan yóò fara hàn níbi gbogbo, títí kan inú lẹ́tà, níbi tí kò ti ní iṣẹ́ kankan láti ṣe.

Lórí pátákó tánganran, ọwọ́ wúlò ju ojú lọ. Dígí lílọ̀ ni wọ́n ń dà sórí irin, tí wọ́n ń yan nínú iná gbígbóná, àwọ̀ kan lẹ́yìn èkejì, nítorí náà, ìka máa ń mọ ibi tí àwọ̀ funfun ti gun orí pupa. Ayédèrú tó rọrùn ṣe máa ń tẹ́jú pẹrẹsẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti wà nísinsìnyí tí wọ́n yan bí ti àtijọ́, tí ìka nìkan kò lè mú. Ẹ wo ihò tí wọ́n fi kàn án mọ́ ògiri: ibẹ̀ ni tánganran ojúlówó ti sábà máa ń ṣẹ́, nítorí pé ìṣó fún un mọ́lẹ̀, ìpẹtà ibẹ̀ sì máa ń dúdú, kó le. Ìpẹtà tí wọ́n fi ásíìdì ṣe máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì sábà máa ń bọ́ sórí ìka. Àmì kan tún wà tó pani lẹ́rìn-ín: ẹni tó ń fi òòlù sọ ohun tuntun di ògbólógbòó kì í fẹ́ ba ẹwà rẹ̀ jẹ́, nítorí náà, gbogbo ìfarapa á kóra jọ sí etí, orúkọ àti àwòrán á sì dúró digbí.

Ní ti bébà àti páálí, iná ultraviolet (ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kì í rí) ni wọ́n ń tàn sí i nínú òkùnkùn. Láti nǹkan bí ọdún 1950 ni àwọn tó ń ṣe bébà ti ń po èròjà kan mọ́ ọn kó lè funfun, èròjà yìí sì máa ń tàn yòò lábẹ́ iná náà. Kàlẹ́ńdà ọdún 1905 kò gbọdọ̀ tàn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àìtàn kò fi hàn pé ojúlówó ni, torí kì í ṣe gbogbo bébà òde òní ló ní in. Èyí tí wọ́n fi omi tíì rẹ máa ń pọ́n dọ́gba káàkiri, nígbà tó jẹ́ pé ibi tí férémù bò lára ojúlówó kì í dà bí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bà á. Lára aago àti ohun èlò mìíràn, súkúrù tí orí rẹ̀ rí bí àgbélébùú kò tíì sí lọ́jà kó tó di àárín àwọn ọdún 1930.

Ẹni tó bá ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè fọwọ́ kan nǹkan kan nínú èyí, nítorí náà, kó béèrè fún fọ́tò ẹ̀yìn, etí, ihò àti lẹ́tà láti ibi tó sún mọ́ ọn gan-an. Kó sọ pé kí wọ́n gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ìwọ̀n àdàkọ kì í fìgbà gbogbo bá ti ojúlówó mu, àwọn ìwé atọ́nà tí àwọn aṣàkójọ ń lò sì sábà máa ń kọ ìwọ̀n tíréè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.