Bel Air 1957 tí wọ́n ní kò bàjẹ́: ibi tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó

Bí ẹnìkan bá ń ta Chevrolet Bel Air ọdún 1957 onílẹ̀kùn mẹ́rin ní Amẹ́ríkà, tó sì ń búra pé bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́ ló ṣì wà, ẹ má tíì wo ọ̀dà. Ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Lára òpó tí ilẹ̀kùn náà so mọ́, ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sí. VC57 túmọ̀ sí pé Bel Air ni láti ilé iṣẹ́, àti pé ẹ́ńjìnnì V8, ìyẹn onísílíńdà mẹ́jọ, ni wọ́n fi sí i. Bí kò bá sí V níwájú, tó jẹ́ C57 lásán, sílíńdà mẹ́fà ló ní nígbà náà. B57 tàbí VB57 kì í ṣe Bel Air rárá. Two-Ten ni, àbúrò rẹ̀ tí owó rẹ̀ kéré. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ń sọ ibi tí wọ́n ti tò ó: F ni Flint, O ni Oakland.

Ara Two-Ten àti ti Bel Air kò yàtọ̀, nítorí náà ẹni tó bá rí irin dídán ẹ̀gbẹ́ àti àmì orúkọ rà lè fi Two-Ten joyè láàárín ọjọ́ díẹ̀. Fífi V8 rọ́pò sílíńdà mẹ́fà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó ń tà á sọ ọ́, kí owó sì wálẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn wé ti inú ìwé ọkọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan péré bá yàtọ̀, ẹ má sanwó títí yóò fi tún un ṣe lọ́dọ̀ ìjọba.

Wọ́n tún fẹ́ràn láti sọ pé "ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí." Ní 1957, Chevrolet kò tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sára ẹ́ńjìnnì. Ohun tó wà níwájú V8, lápá ọ̀tún lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, ni lẹ́tà ilé iṣẹ́, oṣù àti ọjọ́ tí wọ́n tò ó, pẹ̀lú lẹ́tà tó ń sọ irú ẹ́ńjìnnì tó jẹ́. Lẹ́yìn, níbi tí jíà ti so mọ́ ọn, ẹ ó rí ọjọ́ tí wọ́n rọ irin náà: A ni oṣù kìíní, B ni èkejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kà á lọ, ọjọ́ á tẹ̀ lé e, 7 á sì dúró fún 1957. Ọjọ́ wọ̀nyí lè fi hàn pé irọ́ ni ẹni náà ń pa. Wọn kò lè fi hàn pé òótọ́ ló ń sọ. Ẹ má san kọ́bọ̀ kún un nítorí ìbúra.

Ìpẹtà ló ń jẹ owó jù. Ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo òòfà kékeré kí ó má baà ha ọ̀dà, kí ẹ sì fi tọ ìsàlẹ̀ máàdìgáàdì iwájú, lẹ́yìn táyà, nítorí pé ẹrẹ̀ máa ń kó síbẹ̀, omi kì í sì gbẹ nínú rẹ̀. Ẹ tún tọ òkè iná iwájú, abẹ́ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ bùútù. Níbi tí òòfà kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ohun ìdíhò tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ ń pè ní "filler" ni wọ́n fi dí i. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ẹ sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wo ibi tí bọ́dì ti jókòó lórí ṣàsí. Bí ibẹ̀ bá ti jẹrà, ọ̀dà tuntun kankan kò lè gbà á là. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá ti ṣá àmọ́ tí irin abẹ́ rẹ̀ pé, mo fara mọ́ ọn ju èyí tí wọ́n kùn ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn lọ.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń fẹ́ sùúrù. Onílẹ̀kùn méjì tí kò ní òpó láàárín làwọn olówó ń wá, òun náà ni wọ́n sì ń ṣe ọ̀pọ̀ páàtì tuntun fún. Ìdí nìyẹn tí onílẹ̀kùn mẹ́rin fi dínwó, tó sì yẹ ẹni tó fẹ́ wà á ní tòótọ́, àmọ́ bí gíláàsì tàbí irin dídán ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá sọnù, lára ọkọ̀ tó ti kú ni ẹ ó ti lọ wá a.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á tẹ́lẹ̀ kó má tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá gbóná, ó ṣeé ṣe kí ẹni náà ní ohun tó ń fi pamọ́. Iná lásán ló ń sọ ti ọ́ìlì nínú ọkọ̀ yìí, kò ní géèjì, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì so géèjì mọ́ ọn. Èéfín aláwọ̀ búlúù ń sọ pé ọ́ìlì ń jó. Bí ẹ bá rà á, ọ́ìlì tí síńkì rẹ̀ pọ̀ ni kí ẹ máa lò, nǹkan bí 1,200 ppm (ìdá 1,200 nínú mílíọ̀nù kan), torí pé ọ́ìlì òde òní ti dín síńkì kù, káàmù àtijọ́, irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, sì máa ń jẹ láìsí i. Ẹnu táǹkì epo wà lẹ́yìn irin dídán ìyẹ́ òsì, èyí tó yọ sókè lẹ́yìn ọkọ̀, kó má baà dààmú yín ní ilé epo.

Ẹ má gbèrò àtifi ránṣẹ́ sílé: ọkọ̀ àlòkù tó ju ọdún 12 lọ wà lára ẹrù tí Nàìjíríà kò gbà wọlé.

Ní ti bíréèkì, másítà sílíńdà rẹ̀, tó ń ti omi bíréèkì lọ síbi táyà, kò ní ju ojú kan lọ fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ibì kan bá jò, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gírígírí fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Bó bá ń rì lọ díẹ̀díẹ̀, inú másítà ti jẹ. Bó bá ṣì di táyà mú lẹ́yìn tí ẹ ti gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó lè jẹ́ pé rọ́bà àtijọ́ tí omi bíréèkì ń gbà kọjá ti wú nínú. Bó ti wù kó rí, ẹ gbé e sórí tírélà lọ sílé, kí ẹ má sì wà á títí ẹ ó fi pààrọ̀ másítà, sílíńdà táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti rọ́bà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ ra másítà olójú méjì, kí ẹ sì tọ́jú èyí àtijọ́ sínú páálí fún ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ yín.