Gbígbé MySQL lọ sí ẹ̀dà tuntun kì í pa dátà rẹ́

Bí ilé-iṣẹ́ hosting (àwọn tó ń gbé wẹ́ẹ̀bùsáìtì ènìyàn sórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gbé e jáde) bá ti fi ímeèlì ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ gbé MySQL, ètò tó ń tọ́jú dátà wẹ́ẹ̀bùsáìtì, láti ẹ̀dà 5.7 lọ sí ẹ̀dà 8.0 lóru Sátidé, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn tó ni wẹ́ẹ̀bùsáìtì máa ń sọ: "Ẹ má fọwọ́ kàn án o, gbogbo dátà wa ló máa lọ." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu onílé ìtajà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu alákòóso ilé ẹ̀kọ́, àní àwọn tó ń fi kíkọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì jẹun ń sọ ọ́. Kì í ṣe òótọ́. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ìgbàgbọ́ yìí gan-an ló ń mú kí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn pa dátà tí ìgbéga náà kò fọwọ́ kàn.

Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni MySQL àti dátà yín. Ètò kọ̀ǹpútà ni MySQL. Òun ló ń ka dátà, òun ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, òun ló sì ń dá wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín lóhùn nígbàkigbà tó bá béèrè nǹkan. Dátà ní tirẹ̀ jẹ́ fáìlì lórí dísíìkì, nínú fódà tó sábà máa ń jẹ́ /var/lib/mysql lórí sáfà Linux. Lọ́jọ́ ìgbéga, ètò ni wọ́n ń pààrọ̀. Fódà yẹn wà níbi tó wà. Bí ètò tuntun bá ti dìde, á yẹ àwọn tébù (ibi tí dátà wà ní ìlà-ìlà àti kọ́lọ́ọ̀mù) wò, á sì tún àwọn tébù tí MySQL ń lò fúnra rẹ̀ ṣe, ìyẹn àwọn tó ní orúkọ aṣàmúlò àti àṣẹ wọn nínú. Tẹ́lẹ̀, ọ̀gá sáfà ní láti pe ètò mysql_upgrade kí iṣẹ́ yìí tó wáyé, láti 8.0.16 ni MySQL ti ń ṣe é fúnra rẹ̀. Kò sí ibì kan nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti ń pa orúkọ oníbàárà rẹ́.

Ẹ kò sì lè ní kí wọ́n yọ tiyín sílẹ̀. Lórí shared hosting, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pín sáfà kan lò, MySQL kan ṣoṣo ló sábà máa ń dá gbogbo àwọn tó wà lórí sáfà náà lóhùn, wọn a sì máa tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Oracle, ilé-iṣẹ́ tó ni MySQL, dáwọ́ àtúnṣe ààbò dúró fún 5.7. Ihò tí ẹnikẹ́ni bá rí nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ihò gbogbo ayálégbé ni.

Kí wá ni àwọn ènìyàn ń rí tí wọ́n fi ń pariwo? Kóòdù àtijọ́ tó dákú ni. Ẹ jẹ́ ká wo pọ́tà tí ilé ẹ̀kọ́ kan fi ń gbé èsì ìdánwò jáde. Ẹni tó kọ ọ́ ní ọdún 2014 fi ipò akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì sínú kọ́lọ́ọ̀mù tó pè ní rank. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn nígbà náà. Ṣùgbọ́n MySQL 8.0, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2018, gba ọ̀rọ̀ náà fún ìlò ara rẹ̀, ó sì gba groups àti system mọ́ ọn. Nígbà tí kóòdù bá wá sọ pé SELECT name, rank FROM results, MySQL á dáhùn pé gbólóhùn náà kò tọ́, kò sì ní fún un ní ìlà kankan. Tí ẹni tó kọ pọ́tà bá ti ní kí àṣìṣe má máa hàn lójú ìwé, bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe, òbí tó bá wọlé á kàn bá òfìfo pàdé. Ariwo á ta pé èsì ọmọ ti pòórá, bẹ́ẹ̀ èsì wà pérépéré. Àmì backtick (`) méjì, ọ̀kan níwájú rank, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, ni gbogbo ìtọ́jú tó nílò.

Báyìí náà ni ti ọjọ́ ìbí tí ẹnì kan kò kọ, tí kóòdù àtijọ́ ń fi 0000-00-00 rọ́pò rẹ̀. Láti 5.7 ni MySQL kì í ti í gba irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ àyàfi tí wọ́n bá yí ìṣètò rẹ̀ padà. Fọ́ọ̀mù á kọ̀ láti gba ẹni tuntun, àwọn ẹni àtijọ́ á sì wà níbẹ̀. Lórí WordPress, "Error establishing a database connection" ló máa ń já ènìyàn láyà. Ó lè hàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ torí pé wọ́n dá MySQL dúró kí wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé PHP yín (èdè tí wọ́n fi kọ kóòdù WordPress) ti gbó débi pé kò mọ charset (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà sílẹ̀) tí MySQL 8.0 fi ń kí i. Ẹ kíyè sí i: ọ̀rọ̀ yẹn ní òun kò lè dé ibi tí dátà wà ni, kò sọ pé dátà kò sí.

Ibi tí àdánù gidi ti ń wọlé ni ohun tí ènìyàn ṣe lẹ́yìn ìpayà yẹn. Wọ́n á sáré gbé ẹ̀dà ìpamọ́ oṣù tó kọjá, wọ́n á sì dà á lé orí dátábéèsì tó wà láàyè. Gbogbo ọjà tí wọ́n tà láàárín oṣù kan, gbogbo èsì tí olùkọ́ tẹ̀ wọlé, ó lọ nìyẹn. Wọ́n á wá sọ pé ìgbéga ló jẹ ẹ́. Mo bẹ yín, ẹ kọ́kọ́ ṣí phpMyAdmin, ojú ìwé tí a fi ń wo dátà inú MySQL, kí ẹ tẹ tébù tí ẹ rò pé ó ti ṣófo, kí ẹ sì wo inú rẹ̀. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé iye ìlà tó ní àmì ~ níwájú. Àfojúbù ni iye yẹn fún tébù InnoDB, irú tébù tí MySQL sábà máa ń lò, ó lè yí padà láìjẹ́ pé ìlà kan dín. Àṣẹ SELECT COUNT(*) ló ń ka iye gidi. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ka error_log, fáìlì tí wọ́n ń kọ àṣìṣe sí, torí ibẹ̀ ni rank á ti jẹ́wọ́.

Àwa tí a ń kọ èdè Yorùbá ní ìdí tiwa láti má sá fún ẹ̀dà tuntun. Ṣáájú 8.0, charset tó ń jẹ́ latin1 ni MySQL máa ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá yan nǹkan mìíràn. latin1 mọ à àti á, kò mọ ẹ, ọ àti ṣ. Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ wa ni lẹ́tà wọn di "?" bẹ́ẹ̀, lẹ́tà tó bá sì ti wọ tébù bí "?" kò ṣeé gbà padà láti ibẹ̀. Charset utf8mb4 ni 8.0 fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo lẹ́tà wa ló sì gbà. Ṣùgbọ́n kì í yí tébù àtijọ́ padà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa fi àṣẹ ALTER TABLE ṣe é. Bó bá jẹ́ "áº¹" lẹ rí níbi tó yẹ kí lẹ́tà "ẹ" wà, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá: báìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́tà náà ṣì wà, charset tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n fi kà á. Ẹ má pa á rẹ́, ẹ má tún un tẹ̀. Ó ṣeé túnṣe.

Apá kan wà tí ẹ̀rù náà tọ́ sí. Ẹni tó bá ti dé 8.0 kò lè padà sí 5.7 lórí fáìlì kan náà. MySQL kò fàyè gbà á. Dísíìkì sì lè bàjẹ́ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ń lọ, bó ti lè bàjẹ́ lọ́jọ́ mìíràn. Nítorí náà, kí òru Sátidé tó dé, ẹ lo Export inú phpMyAdmin, kí ẹ sì gbé fáìlì SQL náà sórí kọ̀ǹpútà tiyín. Ẹ ṣe é nígbà tí 5.7 ṣì ń ṣiṣẹ́, torí fáìlì tó bá jáde láti 8.0 lè ní utf8mb4_0900_ai_ci (ìlànà tí 8.0 fi ń to lẹ́tà) nínú, èyí tí 5.7 àti ọ̀pọ̀ ẹ̀dà àtijọ́ MariaDB, ètò tó jọ MySQL, kò mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ hosting bóyá wọ́n ní sáfà 8.0 tí ẹ lè gbé àdàkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín kan sí láti fi dán kóòdù yín wò.