Ta Ló Kọ́kọ́ Ka Ẹyẹ Igbó? Ìtàn Tiwa ní Ìjẹ̀bú

Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀mọ̀wé léèrè ibi tí àbójútó ẹyẹ igbó ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, Ìbàdàn ni wọn yóò nawọ́ sí, tàbí kí wọ́n ní Jos. Wọn kò purọ́, àmọ́ àárín ìtàn ni wọ́n ti mú un. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé awò wá sílẹ̀ yìí, àwọn ọdẹ Ìjẹ̀bú ti mọ ẹyẹ lórúkọ, wọ́n mọ ibi tó ń sùn àti ìgbà tó ń yé.

Ọdẹ ni bàbá bàbá mi, ní abúlé kan lẹ́bàá igbó Omo, lọ́nà J4, ibùdó kan nínú igbó náà. Kì í yìnbọn sí ẹyẹ tó bá ń sàba. Bí a bá jọ jáde ní kùtùkùtù, á ṣàdédé dúró, á gbé ọwọ́ sókè kí n panu mọ́. Ẹlúlùú á ké láti inú igbó, ohùn rẹ̀ á máa rẹlẹ̀ sí i bí omi tó ń tú jáde lẹ́nu akèrègbè. Òmíràn á sì dá a lóhùn. Bàbá á ní, "Òjò ń bọ̀. Méjì ni wọ́n, ìyàwó rẹ̀ nìyẹn." Lọ́dún kan, ẹyọ kan ló ké níbẹ̀. Bàbá kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Bí èyí kì í bá ṣe kíka ẹyẹ, kí ni à ń pè é?

Èrò tèmi ni pé òfin ni "A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí" kó tó di òwe. Igún ló ń palẹ̀ òkú ẹran mọ́. Ìlú tó bá pa á tán, òórùn àti àrùn ni yóò máa bá gbé. Àwọn àgbà kò rí ìwé kọ ọ́ sí, wọ́n fi í sẹ́nu ọmọdé. Igbó Orò àti igbó Agẹmọ náà ńkọ́? A kì í ṣá igi níbẹ̀, a kì í dẹ pàkúté níbẹ̀. Mo tilẹ̀ gbà pé Erédò Súngbọ́, yàrà tó yí ilẹ̀ wa ká fún nǹkan bíi kìlómítà 160, ṣe irú iṣẹ́ yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀: igi tó hù bo bèbè rẹ̀ kò lè ṣàìjẹ́ ilé ẹyẹ.

Ẹ wo ìyẹ́ náà. Agbe ló l'aró, àlùkò ló l'osùn, lékelèéke ló l'ẹfun. Ẹni tó so ẹyẹ mọ́ àwọ̀ báyìí ti tẹjú mọ́ ọn dáadáa. Ìkóódẹ, ìyẹ́ pupa ìrù odídẹrẹ́, "ìkó odídẹ" ni wọ́n sún kì. Kò ṣeé fi ṣeré nílùú tó ní adé. Mo rò pé ẹni tó ń fẹ́ ìkó lọ́dọọdún kò ní pa ẹyẹ tó ni ín.

Ìyókù kò le. Lọ́dún 1925 ìjọba fi Omo sábẹ́ òfin, lára igbó Shasha àtijọ́. Ní 1946 wọ́n ya hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, UNESCO sì kà á mọ́ tirẹ̀ ní 1977. Elgood, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ̀wé nípa ìbátan ẹ̀gà kan ní 1958, ó fi orúkọ Ìbàdàn pè é. Olóyè S. L. Edu dá Nigerian Conservation Foundation, àjọ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko, sílẹ̀ ní 1980, òfin ẹranko tó ń parun dé ní 1985, APLORI, ilé ìwádìí nípa ẹyẹ, sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ ẹyẹ ní Jos. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ní 2015, wọ́n kọ igún mọ́ àwọn tí ewu ìparun wọn le jù lọ láyé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, igún máa ń bo òrùlé odò ẹran ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lónìí, orí rẹ̀ ni ẹ ó bá lórí àtẹ lékuléja, nínú ilẹ̀ tó ní a kì í pa á.

Ọdún 2015 yẹn náà ni iṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń fi ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà hàn. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí àwọn ojú ilẹ̀ kéékèèké onígun mẹ́rin, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 9. Ẹni tó bá wọ ọ̀kan yóò lo ó kéré tán wákàtí 2, yóò máa kọ gbogbo ẹyẹ tó rí tàbí tó gbọ́ sórí fóònù, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí "tó gbọ́" yẹn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe tèmi lẹ́bàá Ògbèrè, ìrì ṣì wà lórí ewé. Ẹlúlùú ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Mo dúró, mo panu mọ́, èkejì sì dáhùn.