Olú mẹ́ta kọ́ ni wọ́n ń tà fún wa

Èmi àti ẹ̀gbọ́n màmá mi la jọ dúró níwájú fíríìjì ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Abọ́ olú mẹ́ta wà níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá bò wọ́n: funfun kéékèèké, pupa rúsúrúsú kéékèèké, àti àwọn kan tó fẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, tí abẹ́ wọn dúdú. Èyí tó fẹ̀ ló wọ́n jù. Màmá ní, “Èyí tó funfun yẹn, kẹ́míkà ni wọ́n fi bó o. Èyí tó fẹ̀ yìí ni olú gidi, olú oko.” Ọmọ tó ń tajà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. A ra èyí tó fẹ̀.

Mi ò já màmá níyàn níwájú ọlọ́jà. Ìgbà tá a wọkọ̀ tán ni mo tó ṣàlàyé pé olú kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Agaricus bisporus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Tó bá funfun tó sì kéré, wọ́n á kọ button sí i lára. Tó bá pupa rúsúrúsú, cremini. Tí wọ́n bá fi pupa rúsúrúsú yẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i, tí orí rẹ̀ là bí agbòòrùn, ó di portobello. Ẹ wo ata rodo: ó tutù nígbà tí kò tíì gbó, ó pọ́n nígbà tó gbó, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní ata méjì. Òótọ́ ni pé adùn portobello lágbára ju ti kékeré lọ, torí omi ti dín lára rẹ̀. Ìyàtọ̀ ọjọ́ orí nìyẹn.

Ti funfun ńkọ́? Pupa rúsúrúsú ni olú yìí látilẹ̀wá. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, àgbẹ̀ kan ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, rí ìdì kan tó funfun báláú láàárín àwọn tó gbìn. Ó yọ ṣàdédé ni, bí àfín ṣe ń yọ nínú ìdílé adúláwọ̀. Wọ́n mú un, wọ́n sọ ọ́ di púpọ̀, torí àwọn oníbàárà fẹ́ràn ohun tó funfun. Ibẹ̀ ni funfun inú ṣọ́ọ̀bù ti wá, kì í ṣe inú ike kẹ́míkà. Oko kọ́ sì ni wọ́n ti ń ṣa ìkankan nínú wọn: inú ilé ni wọ́n ti ń gbìn wọ́n, lórí koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ ẹṣin tó ti jẹrà, tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀. (Ìgbà tí mo dárúkọ ìgbẹ́ ẹṣin, màmá gbé ọ̀rá náà kúrò lórí itan.)

Àmọ́ àwọ̀ kì í fìgbà gbogbo tanni. Àwọn olú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń hù lára igi, tí wọ́n ń pè ní oyster, ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni aláwọ̀ eérú, ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni aláwọ̀ ìyeyè. Irú èyí ni wọ́n ń gbìn jù nílẹ̀ wa, inú ọ̀rá tí wọ́n rọ ìyẹ̀fun pákó sí. Ìjẹ̀bú-Igbó tí gẹdú ti ń wọ̀ tí ayùn sì ń ké kò lè wá ìyẹ̀fun pákó tì.

Olú oko tí màmá ń wí, olú ọ̀gán ni, kò sì sí nínú fíríìjì kankan. Ikán ló ń dáko rẹ̀. Wọ́n á rún ewé gbígbẹ àti igi òkú, wọ́n á fi mọ nǹkan bí afárá oyin sínú ọ̀gán, olú á hù sára rẹ̀ bí èéhù, òun ni oúnjẹ wọn. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ó di òkè. Ẹ gbẹ́ ìdí rẹ̀ wò, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn wọlẹ̀ títí dé ilé ikán. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín tà á kọ́kọ́ gba ikán síṣẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀bá títì la ti ń rà á, lọ́wọ́ àwọn ìyá tó mọ ọ̀gán tó ń so.

Màmá ní òun náà mọ̀ ọ́n ṣa: èyí tí ìgbín bá ti jẹ, èèyàn lè jẹ ẹ́. Ẹ̀rù bà mí níbẹ̀. Ní Yúróòpù, ìgbín ń jẹ olú olóró kan tó ń jẹ́ Amanita phalloides, nǹkan kan kì í ṣe é, bẹ́ẹ̀ odindi kan ṣoṣo tó láti gba ẹ̀mí àgbàlagbà. Sísè kì í pa májèlé inú rẹ̀. Nílẹ̀ olóoru bíi tiwa, olú olóró mìíràn, Chlorophyllum molybdites, máa ń hù lórí pápá lẹ́yìn òjò, ó tóbi, ó funfun, ó fani mọ́ra. Tó bá gbó ni abẹ́ rẹ̀ tó ń di àwọ̀ ewé. Nígbà tó ṣì kéré, funfun ni, kò sí ohun tó fi yàtọ̀ sí olú jíjẹ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tó bá wọ ikùn, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣa olú pápá ilé ìwé, ẹ jọ̀ọ́.

Màmá dákẹ́ títí a fi kọjá Òkè-Àjẹ. Ó wo olú tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Èló lo ní wọ́n ń ta kékeré yẹn?”

Mo sọ fún un.

“Yí ọkọ̀ padà.”